Ìdòwú Tí A Ò Rí Ìbejì Ṣáájú Rẹ̀

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ọ̀yọ́.

Àṣàkẹ́ mi,

Kí o tó máa bínú pé kí ló dé tí Mọ́mì ń kọ lẹ́tà láyé fóònù yìí, wá ibì kan jókòó sí ná. Ara mi le. Ọjà ń tà díẹ̀díẹ̀, àwọn télọ̀ ṣì ń wá ra bọ́tìnì àti òwú lọ́wọ́ mi ní Akẹ̀sán. Àbúrò rẹ ti sanra sí i, kò sì fọ ìkòkò kankan dáadáa látìgbà tí o ti lọ sílé ọkọ. Mo gbà á ládùúrà pé àlàáfíà ni ìwọ náà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìwọ àti Rótìmí ọkọ rẹ, àti ìyá rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn sọ mí di akọ̀wé lọ́jọ́ ogbó mi.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé ni pé lórí fóònù, bí mo bá sọ gbólóhùn kan, ìwọ á ti sọ mẹ́ta. Lẹ́tà ò ṣeé já lù. Bí inú bá bí ẹ níbì kan, gbé e sílẹ̀, lọ mu omi tútù. Tí o bá padà dé, ibi tí o ti fi mí sílẹ̀ ni o máa bá mi. Bàbá Sámúẹ́lì, awakọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń ná Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo fi rán. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jókòó lé e lórí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí o ti sọ ọ́ fún mi, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí pálọ̀, ẹ ń wo fíìmù. Nínú fíìmù yẹn, ọkùnrin mẹkáníìkì kan wà tó ń jẹ́ Ìdòwú. O ní ìyá rẹ̀ ń sọ káàkiri pé Ìdòwú nìkan ṣoṣo ni òun bí. Ni ìwọ bá fò dìde. O ní irọ́ ni, ẹ̀yìn ìbejì ni wọ́n ń bí Ìdòwú, ta ló bí Ìdòwú láìkọ́kọ́ bí Táyé àti Kẹ́hìndé? O ní ẹni tó kọ ìtàn náà ò mọ nǹkan kan, ìtàn rẹ̀ ti lu. Ọkọ rẹ ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ rẹ wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Kì í ṣe àṣìṣe, ìyàwó mi. Ó lè rí bẹ́ẹ̀."

"Mọ́mì, kò lè rí bẹ́ẹ̀ o! Bí ìbejì bá wà, ṣé ìyá ò ní dárúkọ wọn ni, látìbẹ̀rẹ̀ fíìmù dé òpin?"

"Ṣé gbogbo nǹkan ni èèyàn máa ń dárúkọ ni?"

"Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, Mọ́mì. Obìnrin tó bí ìbejì tí kò dárúkọ wọn rárá, irú ìyá wo nìyẹn?"

Wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ ká aṣọ lórí okùn. O ní aṣọ ọ̀hún ò tíì gbẹ. Láti ọjọ́ náà, bí o bá kí wọn, wọ́n á dáhùn, kò sì ní sí ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Wọn kì í bá yín jẹun mọ́. Rótìmí ní kí o lọ bẹ̀ wọ́n, ìwọ ní kí lo máa bẹ̀bẹ̀ fún, lórí fíìmù lásán. Ó wá di ariwo láàárín ẹ̀yin méjèèjì. O sì ti sọ fún mi pé lọ́jọ́ Sátidé o máa kó ẹrù rẹ wá sí Ọ̀yọ́, pé o ò ní padà títí Rótìmí yóò fi gba ilé síbòmíràn, fún ẹ̀yin méjì péré.

Àṣàkẹ́, a ò tíì dá gbogbo kúlà tí a yá fún ìgbéyàwó yín padà tán o. Mi ò fẹ́ kí ilé rẹ tú, mi ò sì fẹ́ kí o máa gbé inú rẹ̀ bí àlejò. Méjèèjì ni mò ń torí rẹ̀ kọ̀wé yìí.

O pe ohun tó wà nínú fíìmù yẹn ní orúkọ òyìnbó kan. Mo ní kí àbúrò rẹ túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní ihò inú ìtàn ni, ibi tí ẹni tó kọ ìtàn gbàgbé láti dí. Ó tẹ́ mi lọ́rùn, ó jọ òrùlé tó ń jò. Ọ̀rọ̀ ihò yìí ni mo fẹ́ bá ẹ sọ, torí pé nínú gbogbo ẹjọ́ tí o rò fún mi, òun nìkan ni mo lè sọ pé mo mọ̀ dáadáa.

O ò lè rántí ṣọ́ọ̀bù kásẹ́ẹ̀tì tí èmi àti bàbá rẹ ní, o ò tíì máa rìn nígbà náà. Fíìmù la fi ń jẹun. Àwọn èèyàn á yá kásẹ́ẹ̀tì lọ sílé, tí wọ́n bá ń dá a padà, wọ́n á dúró síwájú káńtà, wọ́n á máa bá ara wọn jà lórí rẹ̀. Kò sí irú ihò tí mi ò tíì rí. Mo ti rí ọba ayé àtijọ́ tí aago ń dán lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti rí afọ́jú tó yà fún òkúta lójú ọ̀nà. Mo ti rí obìnrin tó wé gèlè pupa wọnú yàrá, tó gba ẹnu ọ̀nà kan náà jáde pẹ̀lú gèlè àwọ̀ ewé. Ìyẹn, ihò ni. Kò sí àlàyé kankan níbẹ̀ ju pé ẹni tó ń ṣọ́ gèlè ti sùn lọ. Nítorí náà, má rò pé mo fẹ́ sọ fún ẹ pé ìtàn kì í jò. Ó ń jò. Àmọ́ ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé àwa la ò gbé ojú sókè wò ó dáadáa.

Èkínní tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyí: rí i dájú pé apá kìíní lo wò.

Fíìmù kan dé láti Ìbàdàn nígbà náà, kásẹ́ẹ̀tì méjì ni. Ẹni tó lẹ bébà mọ́ wọn lára ti gbé ọ̀kan fún èkejì. Apá kejì ni mo gbé sínú ẹ̀rọ, mo rò pé apá kìíní ni. Ọkùnrin inú rẹ̀, bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ajá ni yóò kọ́kọ́ fún jẹ. Ìyàwó náà rẹwà, ó ń kúnlẹ̀, ó ń pè é ní olówó orí mi, ọkùnrin yìí ò dá a lóhùn, ajá ló ń wò. Inú bí mi. Gbogbo oníbàárà tó dé ni mo sọ fún pé kí wọ́n má yá a. "Ẹ má fi àsìkò ṣòfò," mo ní, "ìtàn yìí ò lórí." Òótọ́ ni mo sì sọ. Orí rẹ̀ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí mi ò tíì wò, níbi tí obìnrin yẹn ti fi oúnjẹ pa ọkọ àárọ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí fìlà fi já bọ́ lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, nígbàkígbà tí mo bá ń bínú sí ẹnì kan, ìyá ìjọ ni o tàbí alájọgbélé, ohun tí yóò bi mí ni pé, "Ìyá Àṣàkẹ́, ṣé apá kìíní lẹ wò?" Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú, ó sì máa ń tọ̀nà.

Ọmọ mi, ọ̀pọ̀ èèyàn tí o máa bá pàdé, apá kejì wọn lo máa bá. Àwa òbí rẹ pàápàá, apá kejì wa lo bá. Ìyá ọkọ rẹ ti jẹ́ ọmọge, wọ́n ti jẹ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín bíi tìrẹ, kí wọ́n tó di ẹni tó ń ta ike ní ọjà Takie. O ò sí níbẹ̀.

Èkejì kúrú. Jíjàre yàtọ̀ sí jíjèrè. Nígbà tí mo dé ilé bàbá rẹ, ìyá rẹ̀ àgbà mọ ìtàn sọ. Nínú ọ̀kan, ewúrẹ́ kan wà tí ẹkùn pa lábẹ́ igi, tó tún padà wá jẹ iṣu alájàpá kí ìtàn tó parí. Lọ́jọ́ kan, níwájú àlejò, mo ní, "Mọ́mì, ewúrẹ́ yẹn mà ti kú tẹ́lẹ̀." Ìyá àgbà wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo sin ín ni?" Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọlé, ìtàn á dúró. Mo jàre, àmọ́ ìtàn tán. Bí mo ṣe fẹ́ kí n gbọ́ ìyókù tó báyìí, kò sẹ́ni tí mo lè bi.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ìwọ kàwé jù wá lọ, mo sì ń fi ẹ yangàn fún gbogbo Akẹ̀sán. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbà bá sọ fún ẹ pé nǹkan lè rí bẹ́ẹ̀, má kọ́kọ́ sọ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́ bi í pé báwo.

Ẹ̀kẹta, mo wo fíìmù rẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo wò ó. Àbúrò rẹ bá mi wá a jáde lórí fóònù, mo gbé e lọ sí ìsọ̀. Alhaja Sáfù tó ń ta aṣọ òfì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá mi wò ó. O mọ Alhaja, kò sí ọ̀rọ̀ tí wọn ò ní dá ẹjọ́ rẹ̀.

"Kò sí ihò kankan níbẹ̀," ni Alhaja wí. "Orúkọ ìdílé ni. Ṣé gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Ìdòwú nílé ìwé ni wọ́n bí lẹ́yìn ìbejì ni? Bàbá bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́ Ìdòwú."

"Alhaja, ẹ gbọ́ bí ìyá ṣe ń pè é kó wá jẹun? Orúkọ ìdílé la fi ń pe ọmọ wá jẹ ẹ̀bà?"

Wọ́n ronú sí i. "Wàláì, ẹ jàre. Ihò ni nígbà náà. Ọmọ yín gbọ́n."

Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan pé ọmọ mi gbọ́n. Àmọ́ nǹkan kan ò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Mo ní kí wọ́n dá a padà síbi tí ìyá ti ń sọ̀rọ̀. Ariwo ọjà pọ̀, mo gbé fóònù mọ́ etí.

Àṣàkẹ́, obìnrin yẹn ò sọ pé "Òun nìkan ni mo bí." Ohun tó sọ ni pé "Òun nìkan ni mo ní." A dá gbogbo ibi tó ti sọ ọ́ padà: níwájú wòlíì, lọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì, àti níbi tó dùbúlẹ̀ sí ní ọsibítù. Kò fìgbà kankan sọ pé bí. Ìwọ lo gbọ́ bí. Èmi náà gbọ́ bí nígbà àkọ́kọ́, torí pé lẹ́nu wa, ọ̀kan náà la fi ń ṣe. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tí obìnrin bá bí, ó ti bí i, kò sẹ́ni tó lè yí i padà. Èyí tó ní ni èyí tó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́.

Tí o bá tún un wò, wo ibi tó ti se ẹ̀wà. Ìwọ á ti rò pé wọ́n kàn fi ìyẹn sí i kí fíìmù lè gùn ni. Ó se ẹ̀wà, ó da epo sí i, ó pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò títí ó fi tán nínú ìkòkò, kò fi ẹnu kàn án. Alhaja ló kọ́kọ́ pariwo. "Ẹ̀wà ìbejì! Ìyá ẹ̀jìrẹ́ ni!" Oníbàárà tó ń wo òfì bẹ̀rù, ó gbé òfì sílẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tó kọ ìtàn yẹn ò gbàgbé ìbejì. Ó fi wọ́n síbẹ̀, ó kàn jẹ́ kí ìyá wọn dákẹ́ lórí wọn ni, torí pé bí ìyá náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, kò ní lè ṣe iṣẹ́ kankan mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Nítorí náà, èrò tèmi lórí ẹjọ́ fíìmù: kò sí ihò. Ìyá ọkọ rẹ ló jàre. Wọ́n sì rí i kíákíá, láìdá fíìmù padà síbì kankan. Ìyẹn gan-an ló mú mi ronú.

Lọ bu omi wá báyìí.

Kí ni orúkọ ọkọ rẹ? Rótìmí, Rótìmí. Gbogbo wa ti gé e kúrú débi pé a ò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Dúrótìmí ni. Dúró tì mí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí ọmọ kankan ò fi sílẹ̀ lọ rí, kí ló máa mú kó bẹ ọmọ ọwọ́ pé kó dúró ti òun? Ìwọ tó mọ̀ pé kò sí Ìdòwú láìsí ìbejì, ojoojúmọ́ lò ń pe Dúrótìmí, o ò bi ara rẹ pé àwọn wo ni kò dúró.

O jókòó níwájú ìyá tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Dúrótìmí, o béèrè pé irú ìyá wo ni kì í dárúkọ àwọn tó bí.

Má sunkún, Àṣàkẹ́. Mi ò sọ ọ́ láti fi nà ẹ́. O ò mọ̀, èmi tí mo dàgbà tó báyìí náà ò mọ̀. Lẹ́yìn tí mo gbọ́ "ní" yẹn lórí fóònù ni mo rántí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yín. Ìyá ọkọ rẹ kúnlẹ̀ níwájú èmi àti àwọn ẹbí bàbá rẹ, wọ́n ní, "Ẹ bá mi yọ̀, òun nìkan ni mo ní." Mo rò nígbà náà pé obìnrin tó bí ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n. Mo tiẹ̀ sọ fún àbúrò mi pé ọmọ kan á ti bàjẹ́ láti kékeré.

Tún rántí ohun tí o máa ń fi wọ́n sùn fún mi látìgbà tí o ti débẹ̀. O ní ní àràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n á kan ilẹ̀kùn yín: "Rótìmí, ṣé o ti jí?" O ní bí ọkọ rẹ ò bá dáhùn, wọn ò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà, bó sì ti dáhùn báyìí, wọ́n á yí padà lọ síbi iṣẹ́ wọn, wọn ò ní sọ nǹkan mìíràn. O ní wọ́n ń ṣọ́ yín. Èmi náà bá ẹ fajú ro, mo ní kí ọkọ rẹ bá wọn sọ ọ́. Mo ti ń rò ó látàná. Ìyá tó ń pe ọkùnrin onírùngbọ̀n ní àràárọ̀, tó kàn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, ó dà bíi pé ó ti pe ọmọ rí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọmọ náà ò dáhùn.

Ó lè jẹ́ pé mo ṣì í. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ràn orúkọ náà ni, àwọn kan ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni. Àmọ́ bí mo bá ṣì í, kí lo pàdánù tí o bá fi ojú àánú wo ìyá ọkọ rẹ? Bí mi ò bá sì ṣì í ń kọ́, tí o kó ẹrù jáde lọ́jọ́ Sátidé? Ẹlòmíràn tún ti fi wọ́n sílẹ̀ lọ nìyẹn, ó sì máa mú èyí tó dúró lọ pẹ̀lú.

O lè bi mí pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún ẹ. Ta ló ń sọ ọ́? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ọlọ́mọ gan-an kì í kà á. Nígbà tí ó ṣẹlẹ̀, àwọn èèyàn á ti kí wọn pé omi ló dànù, agbè ò fọ́, oníkálùkù á sì ti lọ sílé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ni, òun la máa ń sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu á pa mọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọn á ní kí ìyá gbájú mọ́ èyí tó wà. Ó ṣeé ṣe kí Rótìmí fúnra rẹ̀ má mọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ò ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, bó bá mọ̀, kò ní rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, má fi ọ̀rọ̀ yìí lọ ọkọ rẹ. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ ló máa sọ ọ́ bó bá wù wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Bí o bá ti di báàgì, tú u. Lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ta ike ní Takie, lọ́sàn-án, nígbà tí o bá kúrò nílé ìwé tí o ti ń ṣiṣẹ́. Má ṣe é nílé, ojú ti le nílé jù. Ní ìsọ̀, ọwọ́ wọn á rí nǹkan ṣe, ojú wọn á rí ibi wò. Bá wọn to ike. Má sọ pé ìyá mi ló ní kí n wá. Má sì béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni, ìwọ kọ́ ni ọlọ́pàá. Kàn sọ pé, "Mọ́mì, ọ̀rọ̀ fíìmù ọjọ́ yẹn, mo sọ ọ́ kọjá àyè mi. Ẹ̀yin lẹ jàre. Ẹ má bínú sí mi." Kí o wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló máa ṣòro jù fún ẹ. Mo mọ̀, èmi ni mo bí ẹ, èmi náà ni mo ní ẹ.

Bí wọ́n bá ní kò tó nǹkan, tí wọ́n yí ọ̀rọ̀ sí ti ọjà, bá wọn sọ ti ọjà. Máa to ike lọ. Ó lè jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni wọ́n máa sọ ọ́, ó lè jẹ́ ọjọ́ tí ìwọ náà bá ń gbé ọmọ pọ̀n. Ní àràárọ̀ tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ dáhùn: "A ti jí o, Mọ́mì. Àwa méjèèjì." Wàá rí i pé ẹsẹ̀ wọn á fúyẹ́ bí wọ́n bá ń lọ. Bí ẹ bá fẹ́ gba ilé yín lọ́jọ́ iwájú, kò burú, ẹ fi ìdùnnú gbà á, kí ẹ gbà á sítòsí. Ọkàn mi sọ fún mi pé ilé yín á tòrò, torí pé ẹni tó lè fò dìde nítorí ìbejì tí wọn ò dárúkọ nínú fíìmù, kì í ṣe ẹni tí ọmọ ọlọ́mọ kò jẹ lógún. Inú rere ló wà nídìí ẹnu rẹ, ẹnu yẹn ló kàn máa ń ṣáájú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì sọ ọ́ fún ẹ, má sunkún ju ẹlẹ́kún lọ. Má sọ pé Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, wọ́n ti gbọ́ ìyẹn tó. Béèrè orúkọ àwọn ọmọ náà. O mọ àṣà wa: ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti bí sílé kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ìyàwó ni, ì báà jẹ́ ọmọ ìkókó, kò sì sẹ́ni tó sọ pé àfi bó bá ṣì wà láàyè. Ìyàwó kì í sì í pe ọkọ lórúkọ, bí ẹ̀yin ìyàwó òde òní tilẹ̀ ń pe ti yín. Nítorí náà, tí o bá ti gbọ́ orúkọ wọn, kúnlẹ̀ síbẹ̀ láàárín ike, kí o fún wọn ní orúkọ tìrẹ, bí ìyàwó gidi ti ń ṣe. Pe ọ̀kan ní Adúmáadán, pe ọ̀kan ní Ẹléyinjú-ẹgẹ́, pè wọ́n ní ohun tó bá wá sí ẹ lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí ìyá wọn ti ń dá nìkan pè wọ́n nínú ikùn. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ìyàwó ti dé.

Èmi ni,
ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ìyá Alábọ́tìnì.